Àpáta Ṣábẹ

Àlejò ń wá wo àpáta ńlá ìlú wa Ṣábẹ. Kí ni wọ́n ń wò? Ibi ìsádi ni.

Láàárín ọdún 1800 sí 1900, ogun Dàhọ̀mì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn baba wa sá gun òkè, wọ́n fi àpáta ṣe odi.

Ṣáájú ìgbà náà, àwọn Tofinu ti sá fún ogun ẹrú lọ sórí omi. Wọ́n kọ́ Ganvié sórí òpó igi nínú ọ̀sà Nokoué, lẹ́bàá Kútọnu. Odò Ouèmé tó kọjá nítòsí wa ń ṣàn lọ sí ọ̀sà náà.

Àpáta gbà wá. Omi gbà wọ́n.

Kí ẹ tó gun òkè, ẹ kí àwọn àgbà. Ẹ má fọ́ àpáta tà. Bí ó bá tán, kí ni a ó fi han ọmọ wa?