Òótọ́ àbí irọ́? Rúùtù ará Móábù àti òfin àlejò

Ìwé Rúùtù kò gùn, orí 4 péré ni. Síbẹ̀, ohun tí à ń fẹnu sọ nípa rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó sì ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́ nípa àjèjì àti ìṣòótọ́ ló ń sọ nù síbẹ̀.

“Ẹ̀jẹ́ ìyàwó sí ọkọ ni Rúùtù jẹ́ nígbà tó ní ‘ibi tí o bá lọ ni èmi yóò lọ.’” Irọ́ ni, bí wọ́n tilẹ̀ ń kà á níbi ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ń bá sọ̀rọ̀, lójú ọ̀nà tó ti Móábù lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Náómì ti bẹ̀ ẹ́ kó padà, ó ní òun kò ní ọmọkùnrin mìíràn tó lè fẹ́ ẹ. Ẹnu dùn ún ròfọ́ lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Opó tí kò ní kọ́bọ̀ tó lè fi san oore padà ni Rúùtù ṣèlérí fún, ó sì jẹ́ opó bíi tirẹ̀.

“Ọ̀dàlẹ̀ ni Ọ́pà.” Irọ́. Ìyàwó ọmọ Náómì yòókù ni, ó sunkún, ó fi ẹnu ko ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, ó sì padà sílé bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ìwé náà kò bú u rárá.

“Àánú Bóásì ló fún Rúùtù lóúnjẹ.” Ìdajì òótọ́. Kí Bóásì, ẹni tó ni oko tí Rúùtù ti ń ṣa ọkà, tó mọ̀ ọ́n rí ni òfin ti fún un lẹ́tọ̀ọ́. Léfítíkù 19 ní kí olóko má ṣe kórè dé igun oko rẹ̀, kó má sì padà ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ti tálákà àti àlejò ni. Diutarónómì 24 fi kún un pé ìtí ọkà tí wọ́n bá gbàgbé sóko, ti àlejò, ọmọ òrukàn àti opó ni. Nígbà tó yá, àwọn rábì inú Míṣínà sọ pé igun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú 60. Olóko kọ́ ló máa pinnu bóyá ó wu òun láti fún àlejò ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n òfin kì í dúró sóko ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin àjèjì tó ń dá pèéṣẹ́ láàárín àwọn ọkùnrin, ewu ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bóásì ti wúlò. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó ní kó máa mu nínú omi tí wọ́n pọn, ó pè é sídìí oúnjẹ, ó tún ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà yọ nínú ìtí sílẹ̀ fún un. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Rúùtù pa ọkà bálì tó ṣà, ó tó nǹkan bí éfà kan. Ó gbé e wọ̀lú. Ó wá mú ọkà yíyan tó jẹ kù lọ́sàn-án jáde, ó gbé e fún Náómì.

“Májẹ̀mú Láéláé kórìíra àjèjì.” Ẹni tó bá yára dáhùn èyí kò tíì kà á dáadáa. Léfítíkù 19 yìí kan náà ló ní kí wọ́n fẹ́ràn àlejò bí ara wọn, torí àlejò ni àwọn náà rí ní Íjíbítì. Àwọn àgbà inú Támúdì ní ìgbà 36 ni Tórà kìlọ̀ nípa àlejò. Àwọn kan ní 46 ni. Ṣùgbọ́n Diutarónómì 23 wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ará Móábù kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa, títí dé ìran kẹwàá. Ẹ́sírà 10 náà wà níbẹ̀: àwọn ènìyàn jókòó sí gbangba ní Jerúsálẹ́mù, òjò ń pa wọ́n, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n sì gbà láti lé àwọn ìyàwó tó jẹ́ àjèjì lọ. Òmíràn nínú àwọn ìyàwó náà ti bímọ. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ bò ó.

Ẹ wá wo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Móábù. Wọn kò gbé oúnjẹ àti omi pàdé Ísírẹ́lì lójú ọ̀nà, wọ́n sì sanwó fún Báláámù kó wá ṣépè fún wọn. Nígbà tí ìyàn wá mú ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ibo ni Elimélékì, ọkọ Náómì, kó Náómì àtàwọn ọmọ lọ? Móábù ni, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 10. Ta ló gbé ọkà wálé fún Náómì lẹ́yìn náà? Obìnrin Móábù ni. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ ìwé Rúùtù mọ òfin yẹn, ó sì ń fún un lésì. Àwọn rábì pàápàá ní ọkùnrin Móábù nìkan ni òfin náà dè, torí iṣẹ́ ọkùnrin ni láti gbé oúnjẹ lọ pàdé arìnrìn-àjò.

“Nígbà tí Rúùtù fẹ́ Bóásì, wọ́n gbàgbé pé àjèjì ni.” Irọ́. Níwájú àwọn àgbà lẹ́nu ibodè, ará Móábù ni Bóásì ṣì pè é, kò sì tijú. Rúùtù bí Óbédì, Óbédì bí Jésè, Jésè bí Dáfídì. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lé Dáfídì kiri, tí Dáfídì ń wá ibi tó lè fi bàbá àti ìyá rẹ̀ pamọ́ sí, ọ̀dọ̀ ọba Móábù ló kó wọn lọ, ọba náà sì gbà wọ́n.