Aró Irun àti Làálì Dúdú: Ohun Tí Kò Ṣe Ọ́ Lánàá Lè Ṣe Ọ́ Lónìí



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá wa, tí ó sì ṣe wá ní ẹwà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ní ìpàdé àwọn obìnrin àlásàlátù wa lóṣù tó kọjá, arábìnrin kan bi mí bí òun ṣe lè yí àwọ̀ àtàṣímẹ́ńtì padà nílé láìfi ara pa. Kí n tó dáhùn, ẹlòmíràn ti ń béèrè bóyá irú dáì bẹ́ẹ̀ ṣeé lò sí irun orí ẹni. Ẹnì kẹta ní kí a fi dáì sílẹ̀, kí a máa lo làálì dúdú, torí pé ewé ni làálì, ewé kì í sì í pa ènìyàn lára. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ló wà nínú ohun dúdú tí a ń fi kun ara? Ìyẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ wú

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wọ ilé ìpòògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ó fi ìborùn bo ojú dé imú, mo sì rò pé níkáàbù ni. Nígbà tí ó ṣí i, àyà mi já. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì wú débi pé agbára káká ló fi ń ríran. Etí rẹ̀ pọ́n, omi sì ń jáde ní gbogbo ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá oògùn sí i. Yìgì mi ku ọjọ́ mẹ́jọ."

Mo ní, "Kí lo fi sórí?"

"Dáì ni, mà. Mo fẹ́ kí irun iwájú orí mi bá àwọ̀ àtàṣímẹ́ńtì mi mu ni. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ dáì yẹn o. Òun náà ni Màámi ń lò, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan rí."

Mo bi í bóyá ó ti lo làálì dúdú rí. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Òdòdó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe làálì mọ́, àpá ni. Ó ní níbi ìyàwó ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n ti kùn ún fún òun ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú. Ó yún òun, ó lé ròrò, nígbà tó yá ó san, òun sì gbàgbé rẹ̀.

Òun gbàgbé, ara rẹ̀ kò gbàgbé.

N kò ta oògùn kankan fún un. Mo ní kí ó máa lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí pé bí ojú bá ń wú báyìí, ọ̀fun náà lè wú, ìyẹn sì kọjá ohun tí à ń tà lórí káńtà. Alhamdulillahi, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dáì dúdú ni wọ́n ń pè ní para-phenylenediamine. PPD ni wọ́n máa ń pè é ní kúkúrú. Ó kéré púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ráyè wọ inú fọ́nrán irun. Bí a bá pò ó pọ̀ mọ́ hydrogen peroxide tó wà nínú ìgò kejì, yóò so pọ̀ mọ́ra, yóò di àwọ̀, yóò sì tóbi débi pé kò ní lè jáde mọ́. Ìdí nìyí tí dáì kì í fi í ṣí bí a bá fọ orí.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọ inú irun náà ló ṣe lè wọ inú awọ ara. Ọlọ́hun fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú ara wa tí wọ́n ń lé àjèjì. Ẹ wò ó bí ọdẹ àdúgbò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá rí àjèjì lóru, ó lè máa wò ó lásán, ṣùgbọ́n ó ti mọ ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àjèjì yẹn bá tún padà wá, fèrè ni yóò fọn, gbogbo àdúgbò ni yóò sì jí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ PPD rí. Ènìyàn lè lò ó ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó lò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí nǹkan kan má ṣe é. Ọjọ́ tí ara bá kọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́ nìyẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ títí ayé. Láti ìgbà náà lọ, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí ó bá ti kan ara, yíyún, wíwú àti ìléròrò yóò bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, "mo ti ń lò ó tipẹ́" kì í ṣe ẹ̀rí, "ìyá mi ń lò ó" kò sì jẹ́ ẹ̀rí rárá. Ara ìyá yàtọ̀ sí ara ọmọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ PPD lè rí i pé ara òun kọ àwọn nǹkan mìíràn tó jọ ọ́, bí àwọn aró kan tí wọ́n fi ń pa aṣọ dúdú àti ìpara benzocaine tí wọ́n fi ń pa ìrora kú lójú ara.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kò gba kí PPD inú dáì ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà tí wọ́n bá ti pò ó tán láti fi sórí. Wọn kò gbà kí a fi kun awọ ara rárá. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sí ara páálí pé dáì bẹ́ẹ̀ kò wà fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, àti pé làálì dúdú lè mú kí ara kọ dáì lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin yẹn gan-an nìyẹn.

Làálì tòótọ́ kì í kánjú

Ara ewé igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lawsonia inermis ni làálì ti wá. Àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń dà bí ọsàn nígbà tí a bá kọ́kọ́ ṣí i, lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì yóò wá pọ́n dòdò tàbí kí ó rí bí obì. Ó ń fẹ́ wákàtí púpọ̀ lára kí ó tó mú. Bí ẹni tó ń kun làálì bá ní tòun yóò dúdú kirikiri láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, ẹ béèrè ohun tó pò mọ́ ọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, yẹ̀fun dáì irun ni. Ní Sudan, níbi tí àṣà yìí ti wọ́pọ̀, àwọn dókítà ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí PPD ṣe ní jàǹbá. Ẹni tó bá gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ yóò wú débi pé kò ní lè mí, kíndìnrín rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe po dáì sínú ife tàbí ìgò tí ọmọdé lè rò pé ohun mímu ni.

Àwọn ìyá wa aláàdìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ̀ pé ewé náà lè mú dúdú jáde, torí pé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń rẹ aró. Ẹbí aró bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń pò mọ́ làálì láti mú irun dúdú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ sùúrù ni, kì í ṣe ti ìdajì wákàtí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ. Làálì tòótọ́ pàápàá kò yẹ fún ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí wọ́n bí àìtó èròjà G6PD mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wọn tètè máa ń fọ́. Nítorí irú wọn ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń sọ pé kí a má kó káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ. Làálì lè ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá kan náà: ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí àyìnrín, ìtọ̀ rẹ̀ yóò ṣú, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tán lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìsọmọlórúkọ kọjá láìsí làálì lẹ́sẹ̀ ọmọ.

Ti àtàṣímẹ́ńtì ńkọ́?

Apòògùn ni mí, n kì í ṣe aáfà. Gbogbo wa mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀gbàwá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé Ànábì kọ fífi irun mọ́ irun. Ní ti òwú àti irú rẹ̀ tí kì í ṣe irun, àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn aáfà wa, kí wọ́n là á yé yín.

Ohun tí èmi lè sọ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àtàṣímẹ́ńtì ọjà, ike ni wọ́n fi ṣe é. Irun ni dáì irun ń bá ṣiṣẹ́, kì í mú lára ike. Nígbà tí kò bá mú, àwọn ọmọ wa a máa gbìyànjú oògùn tí a fi ń fọ aṣọ funfun, wọ́n a tún fi omi ìfọ̀yàrá kún un nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi. Bí a bá po méjèèjì pọ̀, èéfín olóró ló ń jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọ̀ tí ènìyàn bá fẹ́ ni kí ó rà láti ọjà. Bí wọ́n bá sì ti pa á láró kí ó tó dé ọwọ́ yín, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ sá a kí ó gbẹ, torí òógùn orí lè gbé aró náà sí awọ ara.

Bí ẹ bá fẹ́ pa irun láró

Ẹ̀sìn wa kò kọ yíyí àwọ̀ ewú padà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, Ànábì pàṣẹ kí wọ́n yí ewú Abu Quhafah, bàbá Abubakar, padà, ó sì ní kí wọ́n yẹra fún dúdú. Ó tún yin làálì àti ewé katam fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí lára, ẹ fi í sílẹ̀.

2. Bí làálì dúdú tàbí dáì bá ti yún yín rí, tàbí tó lé ròrò, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

3. Bí kò bá tíì ṣe yín rí, ẹ dán díẹ̀ wò lẹ́yìn etí tàbí níbi tí apá ti ń ká, bí ìwé inú páálí bá ṣe sọ, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 48. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, kódà bó jẹ́ èyí tí ẹ ti ń lò.

4. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi fasilíìnì pa ẹ̀bá irun. Ẹ má lò ó bí egbò bá wà lórí, tàbí lọ́jọ́ tí ẹ ṣe rílásà.

5. Ẹ má fi kan ìpéǹpéjú tàbí irun ojú, ó lè fọ́ ojú. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń fi kun irùngbọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú.

6. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lórí ju àkókò tí wọ́n kọ lọ. Ẹ ṣàn án dáadáa. Àwọ̀ lásán kì í dí omi àlùwàlá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbẹ mọ́ ara lè dí i.

7. Ẹ má fi àṣálẹ́ Iléyá tàbí ọ̀sẹ̀ yìgì ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀

Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ má họ ọ́, ẹ má sì fi róòbù tàbí ìpara àpòpọ̀ ọjà sí i. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá ń wú, bí mímí bá ṣòro, tàbí bí ìtọ̀ bá ṣú, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kẹ́míìsì. Ẹ mú páálí dáì náà lọ́wọ́ lọ. Títí ayé yín, kí ẹ máa sọ fún dókítà àti onídìrí pé ara yín kọ PPD.

Ẹ̀yin onídìrí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kun làálì, oúnjẹ òòjọ́ yín ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n amáànà ni ara àwọn tó ń jókòó síwájú yín. Bí ẹ bá po nǹkan mìíràn mọ́ làálì, ẹ sọ fún wọn.

Mo lọ síbi yìgì ọmọbìnrin yẹn. Wíwú ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, àmì díẹ̀ ló kù lẹ́bàá etí, hìjáàbù rẹ̀ sì bò ó. Kò sí làálì lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó béèrè.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà ṣe ẹwà wa, kí Ó sì máa ṣọ́ wa. Àmín.