Ìjábọ̀: Bí Ẹ̀rọ Ti Ń Tọ́ Iná

Ẹni tí a rán níṣẹ́ a máa jábọ̀. Ẹni tí ó rán an a sì fi àbọ̀ náà mọ ohun tí ó kù láti ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di iná ilé ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ìfànyìn, bí ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, 220 fólítì ni iná ilé. Olùtọ́ inú ẹ̀rọ náà a wọn iná tí ń jáde, a fi í wé 220, a sì tún ìyàtọ̀ ṣe.

Ìwọ̀n àtúnṣe ni ìṣòro. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Igolo, bí ó bá lọ́ra láti yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, inú igbó ni yóò wọ̀. Bí ó bá yí i jù, yóò máa yà sọ́tùn-ún, yà sósì, títí yóò fi ṣubú.

Ní 1942, Ziegler àti Nichols ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀: kí a máa bu kún agbára àtúnṣe títí ohun tí a ń tọ́ yóò fi máa lọ sókè sódò láìdúró, kí a sì dín agbára náà sí ìdajì. Bí ìyàtọ̀ kékeré bá ṣẹ́kù, a ó fi àtúnṣe kejì kún un, èyí tí ń kó ìyàtọ̀ àtẹ̀yìnwá jọ. A ó sì tún dín ti àkọ́kọ́ díẹ̀. Orí àwòṣe inú kọ̀ǹpútà ni a ti kọ́kọ́ ń dán èyí wò, nítorí pé ìlọsókè-sódò iná lè jó ẹ̀rọ gidi àti fíríìjì tí a so mọ́ ọn.

Ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, «ìjábọ̀» ni ó yẹ kí a kọ, kì í ṣe «àbọ̀» nìkan, nítorí pé ìdajì pẹ̀lú ń jẹ́ «àbọ̀».