Àmì Ohùn àti Àmì Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà nínú Fèrèsé Ìbéèrè orí Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà bá fẹ́ pa iṣẹ́ rẹ̀ dé, fèrèsé kékeré kan a máa yọ lójijì láti bi í ní ìbéèrè. Bí a bá kọ ìbéèrè náà ní èdè Yorùbá báyìí pé, 'Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?', ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ tọ́jú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n 'Ṣé kí n kọ̀ ọ́ sílẹ̀?' kì í ṣe ìtọ́jú rárá; ìpatì ni. Ohùn orí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyàtọ̀ yìí tilẹ̀ ń parẹ́, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe a máa di ohùn àárín, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú 'kọ ìyàwó sílẹ̀'. Nítorí náà, ó sàn kí ẹni tí ó ń ṣe ètò lo arọ́pò-orúkọ níbẹ̀, kí ó sì rí i dájú pé àmì náà hàn.

Ní ti Windows, MessageBox ni ó sábà máa ń gbé irú fèrèsé yìí jáde. Ẹni tí ó ń ṣe ètò lè yan ọ̀rọ̀, àkọlé àti àwòrán, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un láti yan fọ́ǹtì tàbí ìwọ̀n lẹ́tà. Ètò gbogbogbòò ẹ̀rọ ni ó ń pinnu ìyẹn. Segoe UI ni ó sì sábà ń jẹ́ láti ìgbà Windows Vista ti ọdún 2007. MessageBoxA, tí ó jẹ́ ti àtijọ́, kò mọ̀ ju àwọn lẹ́tà inú àtẹ kóòdù ẹ̀rọ lọ. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú àtẹ 1252. Àmì ìbéèrè ni ó sábà ń rọ́pò wọn. MessageBoxW ni ó gba Unicode.

Síbẹ̀, Unicode nìkan kò tó. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́: ẹ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí àmì ohùn òkè, U+0301, tó tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì ni yóò gbé àmì náà sí ipò rẹ̀. Èyí tí kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀ a gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó ya àpótí òfìfo síbẹ̀.

Java gba ni láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi UIManager.put gbé fọ́ǹtì tuntun sí OptionPane.messageFont kí fèrèsé tó yọ, gbogbo fèrèsé JOptionPane inú ètò náà ni yóò gbà á. Bí ó bá jẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo ni a fẹ́ tún ṣe, JLabel tí ó ti ní fọ́ǹtì tirẹ̀ ni a ó fi síbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀ lásán. OptionPane.buttonFont ni ti bọ́tìnnì. Òun ni ó rọrùn jùlọ láti gbàgbé. Bí fọ́ǹtì tí a dárúkọ kò bá sì sí lórí ẹ̀rọ, Java kì yóò ráhùn. Yóò kàn fi òmíràn dípò rẹ̀ ni.

Bọ́tìnnì ní wàhálà tirẹ̀. MessageBox kò jẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ orí wọn padà. Èdè tí Windows fúnra rẹ̀ ń sọ ni wọ́n ń sọ, ìbéèrè Yorùbá sì lè bá bọ́tìnnì Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Bí a bá ṣe fèrèsé tiwa, 'Bẹ́ẹ̀ ni' àti 'Bẹ́ẹ̀ kọ́' jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, nítorí náà lẹ́tà B kò lè jẹ́ lẹ́tà ìkésíni fún méjèèjì. Ìlà tí ẹ̀rọ máa ń fà sábẹ́ lẹ́tà ìkésíni sì lè bo àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ mọ́lẹ̀. Lẹ́tà n fún ti àkọ́kọ́ àti k fún ti èkejì ni ó yẹ.