Bí Ọmọ Bá Ń Wá Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìwé ti sọ fún wa pé ní 1901 ni ojú irin tí ó gba Ifọ̀ kọjá láti Èkó dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò sílẹ̀? Bí olùkọ́ bá rán àwọn ọmọ láti wádìí rẹ̀, ẹ̀yin abiyamọ ni ẹ ó kọ́kọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí inú ilé ni púpọ̀ nínú ìtàn náà wà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá-àgbà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà, iye àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lé ní 800,000. Ṣáájú ìgbà náà, bí owó kò bá tó, ọmọkùnrin ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rán lọ, ọmọbìnrin a sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 ti lé ní ẹni ọdún 75 báyìí. Ẹ má ṣe fi ìbéèrè náà dọ̀la.

Kí ni kí ọmọ béèrè? Ta ni ó pọn omi tí a fi po amọ̀ nígbà tí a ń mọ ògiri? Ọmọbìnrin mélòó ni ó wà ní kíláàsì? Ta ni ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó tó parí, kí ni ó sì fà á?

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ mú wọn wo rẹ́jísítà, kí wọ́n sì ṣọ́ra. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n Thomas ni orúkọ ìdílé rẹ̀ nígbà tí ó di ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ilé ọkọ wá ìyá-àgbà nínú rẹ́jísítà yóò sọ pé kò kàwé rárá. Ọjọ́ orí pàápàá kò dájú: ọ̀pọ̀ ọmọ ni a gbà wọlé nígbà tí ọwọ́ wọn bá ti lè gba orí kọjá kan etí kejì.

Ní 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀; Ìbàdàn ni olú ìlú ṣáájú ìgbà náà. Nítorí náà, kí olùkọ́ wá àwọn ìwé àtijọ́ lọ sí ilé àkójọ ìwé ìtàn ti ìjọba àpapọ̀, ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní ilé, ẹ tọ́jú káàdì èsì ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí àti fọ́tò sí ibi tí ikán àti òjò kò lè dé. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò. Bí ọ̀rọ̀ àgbà méjì kò bá dọ́gba, kí ọmọ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́.

Ọmọbìnrin tí ó bá gbọ́ pé ìyá-àgbà òun fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta nítorí owó yóò mọ iyì àga tí òun jókòó sí.