Ọ̀rọ̀ kan tí ó sú gbogbo ìlú: bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà Yúróòpù

Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ tí ń rọ owó fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó onírin tuntun kan. Ìdajì pọ́n-ún ni owó náà. Wọ́n fín ọjọ́ kan sí i lára: ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ọjọ́ yìí ni Boris Johnson, olórí ìjọba, ti ṣèlérí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò jáde kúrò nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí ó ti wù kí ó rí. Ọjọ́ pé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò níbi tí ó wà. Owó tí wọ́n ti rọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Wọ́n kó o padà sínú iná, wọ́n yọ́ ọ.

Bí ọ̀ràn ìjáde náà ṣe rí fún ọdún mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ yìí, tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò ní èdè Faransé pé Union européenne, jẹ́ ẹgbẹ́ ọjà kí ó tó jẹ́ ohun mìíràn. Ọdún 1973 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2016, orílẹ̀-èdè 28 ni ó wà níbẹ̀. Ẹrù tí ó bá ti ìlú kan nínú wọn dé òmíràn kì í san owó bodè. Ọmọ ìlú kan lè lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì. Ẹni tí ó bá mọ CEDEAO ti mọ ìpìlẹ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Yúróòpù jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé lórí oúnjẹ, oògùn, ẹran àti ẹ̀rọ, débi pé nígbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù lè ti ilẹ̀ Spéènì dé London láìsí pé aṣọ́bodè tú ẹrù rẹ̀ wò.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní owó tí ìlú ń san sínú àpò ẹgbẹ́ pọ̀ jù, àwọn àlejò tí ń wọlé wá ṣiṣẹ́ pọ̀ jù, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin tí àwọn fúnra àwọn yàn máa ṣe òfin fún àwọn. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ àti òwò yóò bàjẹ́ bí ìlú bá jáde. David Cameron, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú gbogbo ìlú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n dìbò. Àwọn tí ó ní kí ìlú jáde lé ní mílíọ̀nù 17; àwọn tí ó ní kí ó dúró lé ní mílíọ̀nù 16. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Cameron kéde pé òun yóò fi ipò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Ní Peckham, ní gúúsù London, níbi tí a ti lè ra èlùbọ́ ní ẹ̀bá títì, ọmọ Yorùbá tí ó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà àti ìwé ìgbélùú ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹgbẹ́ tí ó kó ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso rí jọ. Ọmọ Yorùbá láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó ń gbé ní òpópónà kan náà, tí ó di ìwé ìrìnnà Benin tàbí ti Faransé mú, kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ọ̀kan lè sọ tirẹ̀. Èkejì ní láti jókòó kí ó máa wo ohun tí wọn yóò fi òun ṣe. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sí wa láàárín nílé bá wọn dé òkèèrè.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fi ń jáde nínú ọjà, ibẹ̀ sì ni ìbò ọdún 2016 ti fi gbogbo ìlú sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìwé ìbò náà béèrè ohun kan péré: ṣé kí a dúró ni, àbí kí a jáde? Kò béèrè pé, bí a bá jáde, ibo ni a ń lọ? Ìlú lè jáde kí ó dà bíi Norway, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń tẹ̀ lé òfin ọjà rẹ̀, tí ó sì ń san owó sí i. Ó lè jáde kí ó máa bá wọn ṣe pọ̀ lórí owó bodè nìkan. Ó lè jáde pátápátá, kí ó wá bá wọn ṣe àdéhùn òwò bí àlejò. Ó tilẹ̀ lè jáde láìsí àdéhùn kankan. Àwọn mílíọ̀nù 17 náà ti dìbò, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀nà tí ó wà lọ́kàn tirẹ̀.

Èyí tí ó le jù nínú ọ̀ràn náà wà ní Írẹ́láǹdì. Apá mẹ́rin ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní: Íńgíláǹdì, Skọ́tíláǹdì, Wales àti Írẹ́láǹdì Àríwá. Írẹ́láǹdì Àríwá yìí bá orílẹ̀-èdè Írẹ́láǹdì pààlà, orílẹ̀-èdè yẹn sì wà nínú Ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ààlà náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 500, àwọn ọ̀nà tí ó gba orí rẹ̀ kọjá sì lé ní 200. Ó ń la oko, ó ń la abúlé. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìgòlò tàbí ní Ìlárá kò nílò àlàyé púpọ̀: ilé wà níhìn-ín, oko wà lọ́hùn-ún, ìyàwó ti ọ̀hún wá. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìjà ńlá wà níbẹ̀ láàárín àwọn tí ó fẹ́ wà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí ó fẹ́ darapọ̀ mọ́ Írẹ́láǹdì. Àwọn tí ó kú lé ní 3500. Ní oṣù kẹrin ọdún 1998, wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà, àwọn ológun sì kúrò lórí ààlà. Bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wá jáde nínú ọjà, níbo ni aṣọ́bodè yóò dúró? Bí ó bá dúró sórí ààlà náà, ẹ̀rù ìjà àtijọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ba ènìyàn. Bí ó bá dúró sójú òkun, láàárín Írẹ́láǹdì Àríwá àti ìyókù ìjọba, a jẹ́ pé ìlú kan ti fi bodè pín ara rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sì dúró níbikíbi, ìlú náà kò tíì jáde.

Theresa May, tí ó jẹ olórí ìjọba lẹ́yìn Cameron, fi ìwé ìjáde ránṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2017. Ọdún méjì ni òfin ẹgbẹ́ fún un láti fi ṣe àdéhùn. Ó ṣe é, ó sì gbé e wá sí ilé aṣòfin ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2019. Aṣòfin 432 kọ̀ ọ́, 202 gbà á. Láyé òde òní, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì kò tíì bi ìjọba kankan ṣubú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún gbé e dé ní oṣù kẹta: 391 kọ̀ ọ́, 242 gbà á. Alága ilé wá ṣí òfin kan tí ó ti wà láti ọdún 1604, tí kò jẹ́ kí a tún gbé ohun kan náà padà wá síwájú ilé lẹ́yìn tí ilé ti dá a. Wọ́n mú apá kan àdéhùn náà wá ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọjọ́ gan-an tí ó yẹ kí ìlú ti jáde. Wọ́n tún kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ méjì ṣáájú, àwọn aṣòfin fúnra wọn ti to ọ̀nà mẹ́jọ sílẹ̀, wọ́n sì dìbò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, wọ́n tún dìbò lórí mẹ́rin, wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibo mẹ́ta péré ni ọ̀kan nínú wọn fi bọ́.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ènìyàn, kì í sì í ṣe apá kan ni ó sú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ogunlọ́gọ̀ àwọn tí ó fẹ́ kí ìlú tún ìbò dì kún ojú pópó London. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó ní kí ìjọba wọ́gi lé ìjáde gba orúkọ tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí àwọn tí ó fẹ́ jáde náà fi kó àsíá wá síwájú ilé aṣòfin: àwọn ti dìbò, kí ni wọ́n tún ń dúró dè? Ẹgbẹ́ méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn ń bínú sí ilé kan náà.

Ìdúró náà sì ń ná wọn lówó. Ìjọba ní kí àwọn tí ń ta oògùn kó èyí tí yóò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pamọ́. Àwọn kan ń ra oúnjẹ inú agolo jọ sílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n kó ọkọ̀ akẹ́rù 89 lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan láti fi dán sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wò. Wọ́n fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó ń gba èbúté Dover kọjá lójúmọ́. Iṣẹ́ kíkó ẹrù lórí òkun tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 13 pọ́n-ún bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí kò ní ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo. Àwọn tí ń sin àgùntàn ní Wales kò rí ti ẹ̀rín rò. Yúróòpù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹran àgùntàn tí wọ́n ń tà sókè òkun ń lọ. Àgùntàn kì í sì í dúró de ilé aṣòfin. Lọ́jọ́ tí wọ́n da àgbò sáàárín abo ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá ń bí, oṣù mélòó kan sí i ni ọmọ tó tà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn bóyá owó bodè yóò gun orí ẹran náà tàbí kò ní gùn ún.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, May kéde pé òun yóò lọ, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Johnson gba ipò rẹ̀. Ó fẹ́ ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Adájọ́ 11 ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi ohùn kan sọ pé kò bófin mu. Ó wá pe ìlú sí ìdìbò aṣòfin ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, gbólóhùn kan ni ó sì ń tẹnu mọ́ kiri: ẹ jẹ́ kí a parí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ pé ọ̀nà yóò dán. Ó sọ pé ọ̀rọ̀ yóò tán, èyí sì dùn létí ẹni tí ó ti sú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní aṣòfin 365 nínú 650. Ní agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Wọ́n tún rọ owó onírin mìíràn, ọjọ́ ti ara rẹ̀ kò yẹ̀.

Ti aṣọ́bodè ńkọ́? Ojú òkun ni wọ́n fi í sí. Àwọn tí ó fẹ́ wà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní Írẹ́láǹdì Àríwá bínú, ẹgbẹ́ wọn tí ó tóbi jù lọ sì fi ìjọba sílẹ̀ ní Belfast ní oṣù kejì ọdún 2022. Ọdún méjì kọjá kí ìjọba ibẹ̀ tó tún dúró, ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2024.

Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní, àwọn ìjọba ológun Mali, Burkina Faso àti Niger kéde pé àwọn ń kúrò nínú CEDEAO. Níbẹ̀, ìlú kò dìbò, aṣòfin kò sì jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè tí oníṣòwò ń bi ara rẹ̀ ní Malanville kò yàtọ̀ sí ti àgbẹ̀ orí ààlà Írẹ́láǹdì: kí ni wọn yóò gbà lórí ẹrù mi, ta ni yóò gbà á? Nígbà tí ọdún kan tí òfin là sílẹ̀ pé, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, CEDEAO ní kí àwọn ènìyàn àti ẹrù ṣì máa kọjá bí ti tẹ́lẹ̀ títí wọn yóò fi fẹnu kò. Oṣù karùn-ún ọdún náà ni CEDEAO àti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní Bamako láti sọ bí ìjáde náà yóò ṣe rí.