CHEW, Òṣìṣẹ́ Ìlera Tó Súnmọ́ Ilé Jù Lọ

Ní ọ̀pọ̀ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ilẹ̀ Nàìjíríà, pàápàá ní ìgbèríko, ẹni tí aláìsàn máa kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ ìlera tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CHEW (Community Health Extension Worker) ni. Ọdún 3 ló ń lò nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìlera, irú èyí tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé, n’Íbàdàn. JCHEW (Junior CHEW) tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń lo ọdún 2. CHEW tó bá sì fẹ́ gòkè á tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i kó tó di CHO (Community Health Officer), tí í ṣe ọ̀gá wọn.

Àìtó dókítà ló bí iṣẹ́ yìí. Àwọn dókítà tó wà, ìlú ńlá ni wọ́n pọ̀ sí. Láàárín ọdún 1975 sí 1980 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò sílẹ̀ láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbé láàárín ará ìlú. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, ó gbájú mọ́ ètò ìlera alábọ́ọ́dé, iṣẹ́ CHEW sì gbèrú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún, ìwọ̀n ọmọ, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ìfètòsọ́mọbíbí, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Wọ́n tún ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wo omi tí àwọn ènìyàn ń mu àti ṣáláńgá tí wọ́n ń lò.

Ohun tó ya CHEW sọ́tọ̀ ni ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní Standing Orders. Ìwé náà ló sọ ohun tí yóò béèrè, ohun tí yóò yẹ̀ wò, oògùn tí yóò fún aláìsàn àti ìgbà tí yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó jù ú lọ. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ tó ń wúkọ́ dé, CHEW kò gbọdọ̀ sáré mú oògùn. Yóò béèrè bóyá ọmọ náà ṣì ń mu ọmú, bóyá gbogbo ohun tó ń jẹ ló ń bì, bóyá gìrì ti gbé e. Yóò wá ṣí aṣọ láyà rẹ̀ nígbà tí kò sunkún, yóò sì ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Kíka ìdajì ìṣẹ́jú kò tó, torí èémí ọmọdé kì í lọ déédéé. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó ìgbà 50, tàbí tí ọmọ ọdún 1 sí 5 mí tó 40, ó ti yára jù. Bí kò bá sí àmì ewu mìíràn, òtútù àyà tí CHEW lè tọ́jú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè mu ọmú mọ́, tàbí tí gìrì ti gbé, ti kọjá agbára hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà: CHEW á fún un ní oògùn àkọ́kọ́, á kọ lẹ́tà, ó di ọsibítù ńlá.

Àwọn aládùúgbò a máa pe CHEW ní dókítà, oyè dídùn ni, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbà á, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ààlà yìí ń sún díẹ̀díẹ̀ ṣá: ìlànà pínpín iṣẹ́ tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2014 fàyè gba CHEW tó gba ẹ̀kọ́ láti fi ọ̀pá ìfètòsọ́mọbíbí sábẹ́ awọ apá obìnrin.

Àṣírí aláìsàn, àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àti ìtọ́jú oògùn àjẹsára, tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, jẹ́ ara ojúṣe wọn. Ara ìgò oògùn náà ní àmì kékeré kan. Bí àárín rẹ̀ bá ti dúdú tó àyíká rẹ̀, ooru ti ba oògùn jẹ́ nìyẹn, dídà ló kù. Ká sòótọ́, CHEW tí kò ní iná tàbí yìnyín kò lè dá tọ́jú oògùn náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó pèsè wọn.

Òfin ọdún 1992 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, òun náà ló sì ń bá ẹni tó bá ṣe àṣemáṣe wí. Ẹni tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kò láṣẹ láti ṣiṣẹ́ náà mọ́, ì báà jẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba tàbí ti aládàáni.